ỌMỌ OMI LÓRÍ ÒKÈ: ÌTÀN Ọ̀NÀ KAN TÓ GBÉRA LÁTI ÌLÀJẸ

Tí ẹ bá bi ọmọ Ìlàjẹ pé kí ni òkè, ó lè ronú díẹ̀ kó tó dáhùn. Kì í ṣe pé kò gbọ́n. Ilẹ̀ tiwa ni kò ga. Láti Igbókọ̀dá títí dé etí òkun, omi ni, ẹrẹ̀ ni, igi ẹ̀gbà ni. Òkúta ò sí níbẹ̀. Orí òpó igi ni ọ̀pọ̀ ilé dúró lé, afárá pákó ló sì so ilé kan mọ́ èkejì. Ohun tó ga jù lójú ọmọdé wa ni ìgbì òkun, ìyẹn náà kì í sì í dúró kí ẹnikẹ́ni gùn ún.

Síbẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀nà tó ṣiṣẹ́ jù nínú ìtàn Yorùbá láyé ogun, láàárín 1872 sí 1892, etí omi Ìlàjẹ ló ti gbéra, orí òkè Èkìtì ló sì gùn dé. Ọ̀nà Oǹdó ni àwọn òpìtàn ń pè é. Mo fẹ́ kí a jọ tọ ọ̀nà yẹn lónìí, nítorí mo rí i pé nígbà tí wọ́n bá ń sọ ìtàn Kírìjì fún wa ní kíláàsì, orí òkè ni wọ́n ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Wọn kì í sọ̀rọ̀ nípa ọkọ̀ ojú omi tó gbé ẹrù dé ẹsẹ̀ òkè.

Kí ló dé tí wọ́n fi wá ọ̀nà yìí? Ẹ jẹ́ ká rántí bí ayé ṣe rí. Ọdún 1861 ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì gba Èkó. Ọjà ló gbé wọn wá. Epo pupa àti ekuro ni wọ́n fẹ́ rà, aṣọ, iyọ̀, ìbọn àti ẹ̀tù ni wọ́n ní láti tà. Ṣùgbọ́n àárín Èkó àti ìlú òkè, Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú ló wà níbẹ̀, àwọn wọ̀nyí kò sì gbà kí àlejò kọjá lórí ilẹ̀ wọn lọ bá oníbàárà tààrà. Wọ́n gbọ́n. Ẹni tó bá jókòó sẹ́nu ọ̀nà ló ń jẹ èrè ọ̀nà. Tí ìjà bá dé, wọn a ti ọ̀nà pa, ọjà Èkó a sì tutù bí omi àná.

John Hawley Glover ló ń ṣàkóso Èkó nígbà náà. Ó ro ọ̀rọ̀ náà síwá sẹ́yìn. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà, bẹ́ẹ̀ àwọn àgbà ṣe máa ń wí. Bí ọ̀nà Ìjẹ̀bú bá dí, ṣé a ò lè gba ẹ̀yìn lọ? Ní 1872, ó rán Roger Goldsworthy láti lọ la ọ̀nà kan ní ìlà-oòrùn. Ọkọ̀ á gbéra ní Èkó, á tọ ọ̀sà lọ sí ìlà-oòrùn títí á fi wọ ilẹ̀ Màhín. Atijẹrẹ, tó jẹ́ ìlú Ìlàjẹ, jẹ́ ọ̀kan pàtàkì nínú ibi tí wọ́n ti ń já ẹrù. Láti agbègbè omi yìí ni wọn á ti wọ igbó, kí wọ́n tó dé Òde Oǹdó, kí wọ́n tún gba ibẹ̀ lọ sí Iléṣà àti Èkìtì.

Wàhálà kan wà o. Ìjà abẹ́lé ti tú ìlú Oǹdó ká, àwọn èèyàn ti sá lọ sí oko àti abúlé, igbó sì ti ń gba Òde Oǹdó. Ọ̀nà tó kọjá nínú ahoro, ta ni yóò tọ̀ ọ́? Nítorí náà Goldsworthy bá wọn parí ìjà, àwọn ará Oǹdó sì padà sílé ní 1872 yẹn kan náà. Ẹ wo nǹkan. Ọ̀nà tí ìjọba Èkó fẹ́ fún ọjà tirẹ̀ ló fa kí ìlú kan tún dìde.

Ẹ má rò pé ọ̀nà ọlọ́dà ni mò ń sọ. Ipa ẹsẹ̀ ni. Ẹrù wà lórí, igbó wà lọ́tùn-ún lósì, ẹsẹ̀ ń rì nínú ẹrẹ̀ lápá ìsàlẹ̀, ó ń kọ òkúta lápá òkè. Ẹni tó bá gbéra ní Atijẹrẹ, ilẹ̀ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá òkun dọ́gba ló ti gbéra. Nígbà tó bá fi dé Oǹdó, ó ti gùn ju 200 mítà lọ láìmọ̀, torí ilẹ̀ ń ga díẹ̀díẹ̀. Tó bá wá dé àgbègbè Ẹ̀fọ̀n Aláayè, ó ti ju 400 mítà lọ, kò sì ní í ṣe bí ẹni pé òun ò mọ̀ mọ́. Òkè dúró níwájú rẹ̀ bí ògiri.

Apá wo ni àwọn èèyàn wa kó nínú rẹ̀? Àwa la ni omi. Aláròóbọ̀ Èkó tó ní owó púpọ̀, tí kò bá mọ ibi tí ọ̀sà ti jìn àti ibi tí kò jìn, tí kò mọ ẹ̀ka tó já síta àti ẹ̀ka tó di ẹrẹ̀, ẹrù rẹ̀ ò lè gòkè. Iṣẹ́ awakọ̀ ojú omi kì í ṣe kékeré. Ọjà Màhín gbèrú. Ẹrù tó ń lọ sókè àti ẹrù tó ń bọ̀ nísàlẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń pàdé.

Lẹ́yìn náà ni Kírìjì dé. Ní 1878, Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà dìde, wọ́n ní àwọn ò sin Ìbàdàn mọ́. Wọ́n para pọ̀, a sì ń pè wọ́n ní Èkìtìparapọ̀. Fábùnmi ti Òkè-Mẹ̀sí wà níbẹ̀, Ògèdèǹgbé ti Iléṣà di olórí ogun. Ààrẹ Látòósà ló ń ṣíwájú Ìbàdàn. Orí òkè tó wà láàárín Ìgbájọ àti Ìmẹ̀sí-Ilé ni àwọn ọmọ ogun méjèèjì pa àgọ́ sí, wọ́n sì wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ìró ìbọn ńlá tó ń dún láàárín àwọn òkè yẹn, "kírìjì, kírìjì", ló di orúkọ ogun.

Ṣùgbọ́n ibo ni ìbọn ti wá? Àwọn ọmọ Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì tó wà ní Èkó, tí púpọ̀ nínú wọn jẹ́ Sàró tó padà wálé, dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ láti ran ilé lọ́wọ́. Wọ́n dáwó jọ, wọ́n ra ìbọn òyìnbó ìgbàlódé, irú èyí tí wọ́n ń ti ẹ̀yìn ki ọta sí, tí kì í jẹ́ kí jagunjagun máa jáfara. Ọ̀nà Oǹdó ni ìbọn náà gbà. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ó kọjá lójú omi wa kó tó dún lórí òkè. Látòósà kú sí ojú ogun ní 1885. Wọ́n tọwọ́ bọ ìwé àlàáfíà ní September 1886, àmọ́ 1893 ni àgọ́ tó tú pátápátá.

Ìgbà tí ogun yẹn ń lọ lọ́wọ́ ni òyìnbó mìíràn tún yọjú sí etíkun wa. Ní 1885, ilé-iṣẹ́ oníṣòwò Jámánì kan, ti G. L. Gaiser, bá Amapetu ti Màhín ṣe àdéhùn lórí ilẹ̀ etí òkun. Èèyàn lè béèrè pé kí ni Jámánì ń wá nínú ẹrẹ̀. Kì í ṣe ẹrẹ̀ ni wọ́n ń wá. Ẹnu ọ̀nà ni. Ẹni tó bá mú etíkun Màhín lè gba ibẹ̀ dé Oǹdó àti òkè láìsan owó bodè fún Èkó. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì mọ̀ bẹ́ẹ̀, wọn ò sì sùn. Kí ọdún yẹn tó parí, Jámánì ti yọwọ́, ó fi ibẹ̀ sílẹ̀ fún Gẹ̀ẹ́sì.

Báwo wá ni ọ̀nà tí orílẹ̀-èdè méjì ń du ṣe wá di ohun ìgbàgbé? Nǹkan méjì ló pa á. Àkọ́kọ́, ní 1892, àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ogun ṣí ọ̀nà Ìjẹ̀bú. Ìkejì, ní 1901, ọkọ̀ ojú irin láti Èkó wọ Ìbàdàn. Oníṣòwò kì í fẹ́ ìyọnu. Ta ni yóò tún máa fi ọkọ̀ ojú omi yípo gba ẹ̀yìn nígbà tí rélùwéè ń gba iwájú lọ tààrà? Ọjà kúrò lójú omi wa. Kò sẹ́ni tó bá wa jà, kò sẹ́ni tó lé wa. Wọ́n kàn la ọ̀nà síbòmíràn ni.

Àwọn ará òkè náà rí tiwọn. Ẹ wo Ìdànrè, ní ìpínlẹ̀ Oǹdó wa níbí. Orí àpáta ni ìlú náà wà tẹ́lẹ̀, nítorí láyé ogun, òkè ni ibi ààbò. Ẹni tó fẹ́ gbógun tì ọ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mí hẹlẹhẹlẹ. Ṣùgbọ́n nígbà tí ogun parí, tí kòkó dé, tí mọ́tò bẹ̀rẹ̀ sí í rìn nísàlẹ̀, òkè di ìyà. Mọ́tò ò lè gun àpáta yẹn. Báyìí ni àwọn èèyàn ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láàárín àwọn ọdún 1920 sí ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1930, tí Ìdànrè tuntun fi wà lẹ́sẹ̀ òkè. Lónìí, àtẹ̀gùn tó lé ní 600 lèèyàn máa gùn kó tó dé ààfin Ọwá àtijọ́ àti ilé ẹjọ́ àtijọ́ tó wà lókè. Ìlú ńlá sọ̀ kalẹ̀ wá pàdé ọ̀nà.

Ẹ ò rí i pé nǹkan kan náà ló ṣe Ìlàjẹ àti Ìdànrè? Omi ni ògiri tiwa, àpáta ni ògiri tiwọn. Láyé ogun, ògiri dára. Láyé mọ́tò, ògiri kan náà ló wá ń dá wa dúró.

Ẹ jẹ́ ká wá wọ mọ́tò wàyí. Ẹni tó bá fẹ́ tọ ọ̀nà àtijọ́ yẹn lónìí, á wọ bọ́ọ̀sì ní gárààjì Igbókọ̀dá, á gba Òkìtìpupa, á já sí Ọ̀rẹ̀ níbi tí ọ̀nà Ṣàgámù sí Benin ti kọjá, á gba Oǹdó, á sì kọrí sí Iléṣà. Títí dé ibẹ̀, kò sí ìṣòro òkè. Ìgbà téèyàn bá yà sí ọ̀nà Ẹ̀fọ̀n Aláayè ni nǹkan yí padà. Ọ̀nà á fún. Àpáta á wà lápá kan, àfonífojì á wà lápá kejì. Kọ́nà lórí kọ́nà. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo gba ibẹ̀, etí mi kọ́kọ́ dí, ó sì tún là pó. Mo rò pé àìsàn ni. Ìyá kan tó jókòó tì mí rẹ́rìn-ín, ó ní, "Gbé itọ́ mì, ọmọ mi. Òkè ló ń kí ọ." Mo gbé itọ́ mì, etí mi là.

Mo wá ṣàkíyèsí dírẹ́bà. Ẹni tó ti ń ṣàwàdà láti Iléṣà dákẹ́ lójijì. Ó ti jíà sí kejì, nígbà tó ṣe, ó ti i sí kìíní. Ó ń fọn fèrè kó tó dé kọ́nà kọ̀ọ̀kan, torí kò rí ẹni tó ń bọ̀. Ọkọ̀ akẹ́rù tó wà níwájú ń ké bí ẹni tí wọ́n ń nà, ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀ sì ti bọ́ sílẹ̀, ó di gẹdú mú, ó ń sáré tẹ̀lé táyà, kí ọkọ̀ má bàa yọ́ padà. Ẹ̀kọ́ kan wà níbẹ̀ tí àwọn dírẹ́bà òkè mọ̀ dáadáa: jíà tí o fi gun òkè náà ni kí o fi sọ̀ kalẹ̀. Tó o bá gbára lé búrèkì nìkan, búrèkì á gbóná, yóò sì kọ̀ ẹ́ sílẹ̀ níbi tó o ti nílò rẹ̀ jù. Jíà kékeré ni kó máa fa ọkọ̀ sẹ́yìn. Odò kì í ṣàn kó bojú wẹ̀yìn, ṣùgbọ́n mọ́tò tó ń sọ̀ kalẹ̀ gbọ́dọ̀ ní ohun tó ń fà á sẹ́yìn.

Òkè Ẹ̀fọ̀n kì í ṣe èyí tó ga jù ní Nàìjíríà. Ẹ lọ sí Òbúdú ní ìpínlẹ̀ Cross River. Ibẹ̀ ni ọ̀nà mọ́tò ti gùn ún fún kìlómítà 11, kọ́nà 22 ló sì wà lójú ọ̀nà náà, ó ń lọ́ bí ejò tó ń gun igi. Òkè náà fi nǹkan bí 1,600 mítà ga ju òkun lọ. Bí èèyàn bá gun 1,000 mítà, ooru máa ń dín ní nǹkan bíi ìwọ̀n 6 sí 7, nítorí náà ẹni tó làágùn nísàlẹ̀ á wá súwẹ́tà lókè. Ta ni wọ́n la ọ̀nà yẹn fún? Màlúù ni. Ní 1951, àwọn òyìnbó Scotland dá ọgbà màlúù sílẹ̀ níbẹ̀, torí otútù ibẹ̀ dára fún ẹran ọ̀sìn. Láyé gómìnà Donald Duke, láàárín 1999 sí 2007, ìjọba tún un ṣe fún àwọn arìnrìn-àjò afẹ́, wọ́n fi ọkọ̀ orí okùn sí i, ìdíje eré ìje gígun òkè sì bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ ní 2005.

Bẹ́ẹ̀ náà ló rí lókè òkun. Lórí òkè Alps ní Ítálì, ọ̀nà kan wà tí wọ́n ń pè ní Stelvio. 2,757 mítà ló ga. Apá kan ṣoṣo rẹ̀ ní kọ́nà 48. Àwọn tó fẹ́ràn mọ́tò ń ti ibi gbogbo lágbàáyé wá wà á, tí òjò dídì bá sì dé, wọn á tì í pa. Wọn ò là á fún eré o. Ọba Austria ló ní kí wọ́n là á láàárín 1820 sí 1825, Carlo Donegani ni ẹnjiníà rẹ̀, nítorí ilẹ̀ Lombardy wà lábẹ́ ọba náà nígbà yẹn, ó sì fẹ́ ọ̀nà tó máa gbé ọmọ ogun rẹ̀ dé ibẹ̀ kíákíá.

Ẹ kó gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ọba Austria fẹ́ Lombardy, ó la Alps. Glover fẹ́ epo, ó la igbó Oǹdó. Òyìnbó fẹ́ màlúù, wọ́n la Òbúdú. Kò sí òkè tó ga jù, kò sí ẹrẹ̀ tó rì jù, tí ẹni tó lágbára bá fẹ́ nǹkan tó wà lódìkejì. Ìdí nìyí tí mi ò fi gbà mọ́ nígbà tí wọ́n bá ní ilẹ̀ Ìlàjẹ le jù fún ọ̀nà. Ilẹ̀ kan náà kò le jù ní 1872. Wọ́n ti ń wa epo rọ̀bì lójú omi wa fún ọ̀pọ̀ ọdún, kò sì le jù fún ìyẹn náà. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ abúlé wa ni mọ́tò ò lè dé. Aláboyún tó bá ń rọbí lóru, ọkọ̀ ojú omi náà ló máa gbé e, tí ìjì ò bá jà.

Ọ̀rọ̀ yìí ń jó wa lẹ́sẹ̀ nísinsìnyí, torí òkun ń bọ̀. Ẹ ti gbọ́ nípa Ayétòrò, ìlú tí ẹgbẹ́ Àpọ́sítélì Mímọ́ tẹ̀ dó ní 1947, tí wọ́n ti jọ ń ṣiṣẹ́, tí wọ́n jọ ń jẹun, tí wọ́n ní iná mànàmáná nígbà tí ọ̀pọ̀ ìlú ńlá ò ní. Òkun ti gba ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé níbẹ̀. Àdúgbò tí àwọn àgbà gbé rí ti di ibi tí ẹja ń gbà kọjá. Ìjọba gbé iṣẹ́ ògiri ìdènà òkun jáde ní 2004, iṣẹ́ náà ò yọrí sí rere. Awóyè náà ń jẹ nínú ìyà yìí. Ará Ìdànrè ní ibi tó lè sọ̀ kalẹ̀ sí. Ará Ayétòrò, òkè wo ni yóò gùn?

Nígbà tí mo ń ro èyí, èdè ló tù mí nínú díẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní ẹ̀ka Yorùbá, ẹ mọ̀ pé Yorùbá àjùmọ̀lò kì í fi "u" bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Àwa Ìlàjẹ ń fi í bẹ̀rẹ̀, ẹ wo Ugbò tó jẹ́ orúkọ ìlú. Oǹdó ń fi í bẹ̀rẹ̀. Ẹ gun òkè dé Iléṣà àti Èkìtì, ẹ ó gbọ́ "ulé" fún ilé, "usu" fún iṣu. "U" yẹn ti wà kí Glover tó dé Èkó, ó sì tọ apá ibi tí ọ̀nà wa tọ̀, láti etí òkun dé orí òkè. Ará òkè àti ará omi kì í ṣe àjèjì síra wọn. Tí ọjọ́ bá dé tí a ní láti gòkè, ilé ìbátan la máa wọ̀.

Ṣùgbọ́n kò yẹ kó jẹ́ pé sísá nìkan ló kù fún wa. Ọ̀nà àti ògiri tó dáa ṣì lè dé kí ilẹ̀ tó tán. Ohun tó wà lọ́wọ́ àwa akẹ́kọ̀ọ́ kéré, àmọ́ kì í ṣe kékeré. Àwọn tó mọ orúkọ èbúté àtijọ́, ibi tí ẹrù Oǹdó ti ń sọ̀, ẹ̀ka omi tí àwọn bàbá wọn ń gbà, wọ́n ti darúgbó, omi sì ń bo ibẹ̀ lọ. Tí ẹ bá relé nígbà ìsinmi, ẹ mú ìwé àti bírò dání. Ẹ bi màmá yín àgbà. Ẹ bi atukọ̀ tó gbé yín kọjá. Ẹ kọ orúkọ ibi kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ pẹ̀lú àmì ohùn, kí ẹ sì mú un wá fún ẹgbẹ́ wa. Olótùú ti ṣèlérí fún mi pé àyè á wà fún un nínú ìwé ìròyìn yìí, kódà tó bá gba ojú ewé mẹ́ta.